Sir James Douglas, akọni ilẹ̀ Skọ́tlándì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ayé rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí bá ṣẹlẹ̀. A kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó.

Ta ni James Douglas?

Ìjòyè àti jagunjagun ni, olúwa àfonífojì Douglas ní gúúsù Skọ́tlándì. Nígbà tí Skọ́tlándì ń bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà kí wọ́n má bàa di ẹrú lórí ilẹ̀ bàbá wọn, ọ̀gágun méjì ni Ọba Robert Bruce gbójú lé jù lọ: Thomas Randolph, Earl (oyè ìjòyè ńlá) ti Moray, ni ọ̀kan, James Douglas sì ni èkejì. Ó lé ní ogún ọdún tó fi jagun náà, láti 1306 títí di 1327.

Ojú ogun ní Sípéènì ló kú sí, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 1330, ọ̀nà jíjìn sí ilé rẹ̀.

Ìgbà wo ni wọ́n bí i?

Ní nǹkan bí 1286. Ọdún yẹn náà ni Ọba Alexander Kẹta ti Skọ́tlándì kú lójijì lóru, nígbà tó ń gẹṣin lọ sílé, kò sì fi ọmọkùnrin sílẹ̀. Rògbòdìyàn orí oyè tó tẹ̀ lé e ló ṣí ilẹ̀kùn fún Edward Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì. Inú wàhálà yẹn ni James dàgbà sí.

Ṣé ènìyàn dúdú ni, tí wọ́n fi ń pè é ní “Douglas Dúdú”?

Rárá. Òyìnbó ni. Irun rẹ̀ ló dúdú. John Barbour, àlùfáà Aberdeen tó kọ ewì gígùn nípa ogun náà ní nǹkan bí 1375, ṣe àpèjúwe rẹ̀: irun dúdú, ojú tó rẹwẹ̀sì díẹ̀, egungun ńláńlá, èjìká gbòòrò, ahọ́n rẹ̀ sì máa ń kọ́ díẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀. Ó ní ènìyàn jẹ́jẹ́ ni láàárín ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ojú ogun ti yàtọ̀.

Orúkọ méjì ló ní, ó wá kù sẹ́ni tó ń pè é. Àwọn ará Skọ́tlándì ń pè é ní Sir James Rere. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé ní ẹ̀bá ààlà, tí wọ́n ń jí rí iná lórí òrùlé ní òru, ni wọ́n sọ ọ́ ní Dúdú. Ìtàn wà pé àwọn ìyá ibẹ̀ ń fi orúkọ rẹ̀ rẹ ọmọ lẹ́kún, pé kó dákẹ́, Douglas Dúdú kò ní í rí i mú.

Ta ni bàbá rẹ̀?

Sir William Douglas, tí wọ́n ń pè ní Aláyà. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn bàbá yìí kò lè mọ ohun tó ń lé ọmọ kiri. William ló ń ṣọ́ ilé olódi Berwick ní 1296, nígbà tí Edward Kìíní ya wọ ìlú náà tó sì pa àwọn ará ibẹ̀ nípakúpa. Ó fi ilé olódi náà sílẹ̀, wọ́n mú un, ó sì búra fún Edward kó tó ráyè jáde.

Ìbúra yẹn kò tó ọdún kan tó fi já. Ní 1297, tí William Wallace dìde láti bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà, òun ni ìjòyè àkọ́kọ́ tó lọ bá a; àwọn méjèèjì jọ lé adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní Scone. Lẹ́yìn tí àwọn ìjòyè túúbá ní Irvine ní oṣù keje ọdún náà, wọ́n ní kó fi ọmọ rẹ̀ James sílẹ̀ bí ìdógò. Kò fi í sílẹ̀. Wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é ní Berwick, olùtọ́jú ilé olódi náà sì kọ̀wé sí ọba pé inú irin tó wà náà, ó ṣì ń bínú, ó sì ń bú èébú. Wọ́n gbé e lọ sí Tower, ilé olódi ọba tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀wọ̀n ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ló kú sí kí oṣù kìíní 1299 tó dé.

Edward gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ rẹ̀, ó sì fi Douglas ta Robert Clifford, ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì, lọ́rẹ. Bí James ṣe di ọmọ òrukàn tí kò ní ilé nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ ńkọ́?

Elizabeth Stewart ni orúkọ ìyá rẹ̀, ọmọ Alexander Stewart tó jẹ́ Olórí Ìríjú Skọ́tlándì. Ìdílé Stewart yìí kan náà ló padà jọba Skọ́tlándì. Elizabeth kò pẹ́ láyé; James ṣì kéré gan-an nígbà tó kú.

Ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ gbà fẹ́ ìyàwó kejì kì í ṣe ọ̀nà tí a lè yìn. Opó ọlọ́rọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Eleanor de Lovaine, wá sí Skọ́tlándì nítorí ogún ọkọ rẹ̀, ó sì dé sílé ìbátan ní Tranent. William kó ọmọ ogun lọ, ó gbé obìnrin náà lọ tipátipá, ó sì fẹ́ ẹ. Edward pàṣẹ pé kí wọ́n mú un. Ní ìgbẹ̀yìn, owó ìtanràn ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni wọ́n bù lé e lórí. Eleanor bí Hugh àti Archibald, àwọn ọbàkan James. Ẹ fi orúkọ àwọn méjèèjì yìí sọ́kàn, wọ́n ṣì ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ogún.

Níbo ló wà nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n?

Paris ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí. Nígbà tó padà, William Lamberton, bíṣọ́ọ̀bù St Andrews, gbà á sílé. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kó dúró ti bíṣọ́ọ̀bù nídìí oúnjẹ, kó máa bá a gé ẹran. Iṣẹ́ ọmọ ìjòyè ni nígbà náà.

Ní 1304, tí Edward dó ti Stirling, bíṣọ́ọ̀bù mú un lọ síwájú ọba láti bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Barbour ní bí Edward ti gbọ́ ọmọ ẹni tó jẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀: ọ̀tá òun ni bàbá rẹ̀, ẹ̀wọ̀n òun ló kú sí, ẹlòmíràn sì ti ń jẹ ilẹ̀ náà. James fẹsẹ̀ rìn jáde lọ́wọ́ òfo. Tèmi ni pé ọjọ́ yẹn ni Edward fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ọ̀tá tó burú jù lọ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀.

Kí ló dé tó fi lọ bá Robert Bruce?

Nítorí pé Bruce nìkan ni ọba tó lè dá ilẹ̀ rẹ̀ padà fún un. Lóṣù kẹta 1306, tí Bruce ń lọ sí Scone láti gba adé, James gẹṣin bíṣọ́ọ̀bù, ó sì lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà nítòsí Moffat. Bíṣọ́ọ̀bù mọ̀ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é bí ẹni pé ó jí ẹṣin náà ni, kí Edward má bàa fi ẹ̀sùn kan bíṣọ́ọ̀bù náà. Ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin kò gbọ́ àdéhùn, ó fẹ́ dá a dúró, James sì lù ú bolẹ̀.

Ìyà ló kọ́kọ́ jẹ. Wọ́n ṣẹ́gun Bruce ní Methven ní oṣù kẹfà, wọ́n tún ṣẹ́gun rẹ̀ ní Dalrigh, níbi tí James ti fara gbọgbẹ́. Wọ́n sá káàkiri orí òkè, wọ́n ń jẹ ẹran igbó àti ẹja odò. Kò padà lẹ́yìn Bruce láti ìgbà náà títí ikú fi yà wọ́n.

Kí ni “Àká Douglas” tí gbogbo ènìyàn ń sọ?

Ohun tó ṣe ní ilé bàbá rẹ̀ ní Sọ́ńdè Ọ̀pẹ 1307 ni. Ó yọ́ wọ àfonífojì Douglas pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀, ó sì dé ọ̀dọ̀ Thomas Dickson, ọmọ ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ àtijọ́. Dickson ń pe àwọn ará abúlé wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan lóru láti wá rí ọmọ olúwa wọn. Ní ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì jáde láti gbé ìmọ̀ ọ̀pẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì St Bride. Alásè àti aṣọ́nà nìkan ló kù nílé olódi. Àwọn ènìyàn Douglas ti wà láàárín ìjọ, wọ́n fi aṣọ àgbẹ̀ bo ihámọ́ra. Wọ́n kígbe “Douglas! Douglas!”, ìjà sì bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ sílé olódi, wọ́n jókòó jẹ oúnjẹ tí àwọn ọmọ ogun náà ti sè sílẹ̀. Wọ́n kó ohun ìjà, fàdákà àti aṣọ. Ohun tí wọn kò lè kó, wọ́n dà á sínú àká nísàlẹ̀ ilé: ìyẹ̀fun, ọkà, wáìnì. Orí ẹ̀ ni wọ́n ti bẹ́ àwọn tí wọ́n mú lórí, kí ẹ̀jẹ̀ wọn pò mọ́ ọn. Wọ́n da iyọ̀ àti òkú ẹṣin sínú kànga, wọ́n sì fi iná sí gbogbo rẹ̀. Ilé bàbá rẹ̀ ló sun yẹn. Ohun tó ń sọ fún Clifford ni pé òun ṣe tán láti má ní ilé, bí kò bá ti ní í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé inú rẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún un kọ́. Barbour sọ pé nígbà tí Douglas pa ọ̀gá tí wọ́n fi síbẹ̀ lẹ́yìn náà, lẹ́tà obìnrin ni wọ́n bá nínú àpò òkú rẹ̀: bí ó bá lè ṣọ́ ilé olódi eléwu ti Douglas fún ọdún kan, kó wá tọrọ ìfẹ́ òun.

Báwo ló ṣe gba Roxburgh láìní ẹ̀rọ ogun?

Ilé olódi tó wà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Roxburgh. Okùn ló fi gbà á. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sim ti Ledhouse hun àkàbà okùn tó ní àtẹ̀gùn igi àti ìwọ̀ irin lórí. Ní òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú, oṣù kejì 1314, tí àwọn ará inú ilé olódi ń jó tí wọ́n ń mu kí ààwẹ̀ tó wọlé, Douglas àti àwọn ènìyàn rẹ̀ da aṣọ dúdú borí, wọ́n sì ń fi ọwọ́ àti eékún rá lọ sí ìdí odi.

Aṣọ́nà kan rí wọn lókè. Ó sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé àgbẹ̀ kan ní ìtòsí ń ṣe fàájì lónìí, ó fi màlúù rẹ̀ sílẹ̀ lóde. Douglas á kó wọn lọ mọ́jú. Douglas ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Sim ló kọ́kọ́ gun òkè. Nígbà tí Bruce gbọ́ ìròyìn, ó ní kí wọ́n wó ilé olódi náà palẹ̀ kí ọ̀tá má bàa rí i lò mọ́.

Kí ló ṣe ní Bannockburn?

Bannockburn ni ogun ńlá tí Bruce ti ṣẹ́gun Edward Kejì, ọmọ Edward Kìíní. Ìtàn méjì ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, 23 oṣù kẹfà 1314, àwọn ẹlẹ́ṣin Clifford yí Randolph ká. Douglas bẹ ọba pé kó jẹ́ kí òun lọ gbà á. Bó ti ń súnmọ́ ibẹ̀, ó rí i pé àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń yẹsẹ̀. Ó dá àwọn ènìyàn rẹ̀ dúró: Randolph ti borí, ẹ má jẹ́ ká gba ògo rẹ̀. Abánidíje ni àwọn méjèèjì, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni Randolph gba Edinburgh kí òkìkí Roxburgh má bàa bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí gidi ni Douglas hù lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ogun Gẹ̀ẹ́sì ti fọ́, tí Clifford fúnra rẹ̀ sì ti kú, Douglas kó nǹkan bí ọgọ́ta ẹlẹ́ṣin lé Edward Kejì dé Dunbar. Wọn kò tó láti kọlu ẹgbẹ́ ọba, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ lé wọn pẹ́kípẹ́kí débi pé ẹni tó bá yà láti tọ̀, ó ti bá a lọ. Ọba bọ́ sọ́kọ̀ ojú omi, ó sì sá lọ.

Ṣé lóòótọ́ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú Edward Kẹta?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù kẹjọ 1327, ní Weardale ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kó ẹlẹ́ṣin díẹ̀ wọ àárín àgọ́ Gẹ̀ẹ́sì lóru. Wọ́n ń kígbe orúkọ rẹ̀, wọ́n ń gé okùn àgọ́, àgọ́ sì ń wó lu àwọn tó sùn. Wọ́n dé ìdí àgọ́ ọba kí wọ́n tó lé wọn padà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Edward Kẹta, ọmọ Edward Kejì, nígbà náà. Lóru ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, gbogbo ogun Skọ́tlándì gba ẹ̀yìn rẹ́rẹ́ lọ; omijé ló bọ́ lójú ọba ọmọdé náà. Àdéhùn àlàáfíà tó gbà pé Skọ́tlándì jẹ́ ìjọba tó dá dúró tẹ̀ lé e ní 1328.

Ṣé kò pàdánù ogun rí?

Ó pàdánù. Barbour ka ìgbà mẹ́tàlá tó fìdí rẹmi sí ìgbà mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tó borí.

Kí ni ìwé àṣẹ Emerald?

Ní ogun Byland ní 1322, Douglas mú ìjòyè Faransé mẹ́ta. Owó ìràpadà wọn tọ́ sí i, ṣùgbọ́n Bruce fẹ́ bá ọba Faransé ṣọ̀rẹ́, ó sì dá wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Gbèsè 4,400 mááki, owó ìgbà náà, ni ọba jẹ ẹ́. Dípò owó, ní 1324, Bruce fún un ní àṣẹ láti máa dá ẹjọ́ ọ̀daràn lórí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, ó sì dá a sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìsìn tí ìjòyè ń jẹ ọba. Ó bọ́ òrùka olókùúta émérálídì sí i lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí àmì. Ọmọ tí Edward lé jáde lọ́wọ́ òfo ti di ọba kékeré ní gúúsù Skọ́tlándì.

Kí ló dé tó gbé ọkàn ọba kiri?

Bruce ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun á lọ ja ogun ẹ̀sìn, àìsàn kò sì jẹ́ kó lọ. Nígbà tó ń kú lọ ní Cardross ní oṣù kẹfà 1329, ó ní kí wọ́n yọ ọkàn òun, kí ẹni tó yẹ gbé e lọ dojú kọ ọ̀tá ẹ̀sìn. Àwọn ìjòyè yan Douglas. Wọ́n sin òkú sí Dunfermline, wọ́n sì fi ọkàn sínú àpótí fàdákà kékeré tí Douglas fi kọ́rùn. Edward Kẹta, ọmọdékùnrin Weardale ọjọ́sí, ló kọ ìwé ààbò ìrìn-àjò fún un.

Ṣé lóòótọ́ ló ju ọkàn náà sáàárín ọ̀tá kó tó kú?

Ó ṣòro láti gbà. Ìtàn pé ó jù ú síwájú, tó ní kó máa lọ bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, inú ewì tí wọ́n kọ ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ló ti gbilẹ̀.

Ohun tí Barbour sọ kò nílò àfikún. Ní Teba, Andalusia, Douglas ń bá ọba Castile, Alfonso Kọkànlá, ja àwọn Mùsùlùmí Granada. Ọ̀tá sá, ó lé wọn jìnnà jù, ó sì ti ń padà bọ̀ pẹ̀lú nǹkan bí ènìyàn mẹ́wàá. Ó wẹ̀yìn, ó rí Sir William Sinclair tí wọ́n ti yí ká. Ó lè máa lọ. Ó yí ẹṣin padà láti gbà á, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì síbẹ̀.

Sir William Keith, tí apá rẹ̀ tó kán kò jẹ́ kó jagun lọ́jọ́ náà, ló gbé ọkàn Bruce àti egungun Douglas wálé. Wọ́n se ẹran ara rẹ̀ kúrò lára egungun, wọ́n sì sin ín sí Sípéènì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó kú sí ọ̀nà jíjìn. Egungun wà ní ṣọ́ọ̀ṣì St Bride ní Douglas, ọkàn ọba sì lọ sí ilé ìsìn Melrose ní gúúsù Skọ́tlándì.

Ṣé ó ní ìyàwó àti ọmọ?

Kò sí orúkọ ìyàwó kankan nínú àkọsílẹ̀. Ọmọkùnrin méjì ló ní. William, tó jogún rẹ̀, kú ní ọ̀dọ́ ní ogun Halidon Hill ní 1333. Archibald, èkejì, ni wọ́n kà sí ọmọ àlè. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí bàbá rẹ̀ rìnrìn àjò ìkẹyìn.

Báwo wá ni ọmọ àlè ṣe di olórí ìdílé?

Ibí ló ti ta kókó. Ogun Halidon Hill tó pa William náà ló pa Archibald, ọbàkan James, ẹni tó ń ṣe adelé ọba nígbà náà. Ogún wá bọ́ sọ́wọ́ Hugh, ọbàkan kejì, àlùfáà tí kò nífẹ̀ẹ́ ogun. Ní 1342, Hugh gbé oyè sílẹ̀ fún William, ọmọ Archibald adelé. Ìwé àṣẹ ọdún yẹn to àwọn tó lè jogún lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì kọ orúkọ Archibald ọmọ Sir James sí ìparí rẹ̀.

William yìí di Earl Douglas àkọ́kọ́ ní 1358. Ọmọ rẹ̀, James, kú lójú ogun ní Otterburn ní 1388 láìní ọmọ tó lè jogún. Arábìnrin rẹ̀ Isabella ló súnmọ́ ọn jù nínú ẹ̀jẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì du oyè náà. Ṣùgbọ́n ìwé 1342 ṣì wà, Archibald ọmọ Sir James sì ní ọmọ ogun tó lè gbè é lẹ́sẹ̀. Ó di Earl kẹta. Òun ni wọ́n ń pè ní Archibald Olójú Líle, òun ló kọ́ ilé olódi Threave sí erékùṣù odò Dee. Àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ni ìtàn mọ̀ sí àwọn Douglas Dúdú. Àwọn Douglas Pupa, tí wọ́n jẹ Earl Angus, ṣẹ̀ wá láti ara ọmọ mìíràn tí Earl àkọ́kọ́ bí níta.

Kí ló gbẹ̀yìn àwọn Douglas Dúdú?

Agbára wọn pọ̀ jù fún ọba láti fojú fò. Ní 1440, wọ́n pe Earl kẹfà, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, àti àbúrò rẹ̀ wá jẹun ní ilé olódi Edinburgh, wọ́n sì bẹ́ wọn lórí. Ní 1452, Ọba James Kejì fi ọ̀bẹ gún Earl kẹjọ pa ní Stirling, lẹ́yìn tó ti fún un ní ìwé ààbò. Ní 1455, wọ́n gba gbogbo ilẹ̀ wọn.

Ṣé kì í ṣe òǹrorò ni ọkùnrin yìí?

Àwọn tó bẹ́ lórí nínú àká ti juwọ́ sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sun oko wọn, tó gba owó lọ́wọ́ wọn kó má bàa sun ún lẹ́ẹ̀kejì, kì í ṣe wọ́n ló pa bàbá rẹ̀. Mo fẹ́ràn Douglas, ṣùgbọ́n n kò ní í fi àṣọ bo ìyẹn. Ohun tí mo lè sọ ni pé ìlú kékeré ló ń bá ìlú ńlá jà, ìbẹ̀rù sì jẹ́ ohun ìjà tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀. Ó lò ó, ó sì mọ ohun tó ń ṣe.

Ṣé ọkàn tí wọ́n wú ní Melrose, ti Bruce ni?

Ní 1996, àwọn awalẹ̀pìtàn wú àpótí òjé kan ní ilé ìsìn Melrose, wọ́n sì bá àpótí mìíràn nínú rẹ̀, pẹ̀lú àkọlé pé wọ́n ti rí i rí ní 1921. Wọn kò ṣí èyí tó wà nínú. Ọkàn ènìyàn ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ wọn, kò sì sí ọ̀nà láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ti Bruce ni, ṣùgbọ́n Melrose ni gbogbo àkọsílẹ̀ ní wọ́n sin ín sí. Ní 1998, wọ́n dá a padà sínú ilẹ̀, wọ́n sì fi òkúta tí wọ́n gbẹ́ àwòrán ọkàn sí lára sàmì sí ibẹ̀.